Wọ́n Ní Ìyá Alágbàfọ̀ Ń Gbàgbé

Ìyá Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ bá dókítà pé kí wọ́n bá òun yẹ orí òun wò, nítorí ó ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Kò sunkún, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ó jókòó sórí àga onírin tó wà níwájú tábìlì, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó gbé áyọ́ọ̀nù lọ fún alátùn-únṣe: ó ṣì ń gbóná, àmọ́ kò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́.

"Kí lẹ máa ń gbàgbé?" ni dókítà bi í. Obìnrin ni dókítà náà, kò tíì dàgbà púpọ̀, ó sì ti bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

"Ohun tí mo bá sọ. Ohun tí mo bá ṣe. Mo lè jó aṣọ oníbàárà, kí n má rántí pé èmi ni. Mo lè sọ̀rọ̀ sí ọkọ mi lónìí, kó di ọ̀la, ọ̀rọ̀ náà á ti pòórá lórí mi."

"Ta ló wá ń rán yín létí?"

"Ọkọ mi ni. Bí kì í bá ṣe tiẹ̀ ni, mi ò bá ti sọnù."

Dókítà wò ó díẹ̀. Ó ní kó jẹ́ kí àwọn bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ tí wọ́n ń sọ yìí, àdúgbò ti gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀gá Nẹ́nẹ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí pé aṣọ funfun nẹ́nẹ́ ló ń wọ̀ lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé alájà méjì lójú títì. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni òun máa ń dúró sí, lẹ́yìn káńtà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ̀yìn ni ìyàwó rẹ̀ wà, níbi tí àwọn ọpọ́n omi wà, àti okùn, àti tábìlì gígùn tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, pẹ̀lú òórùn ọsẹ àti sítáàṣì tí kì í kúrò nínú irun.

"Ọ̀gá Nẹ́nẹ́!" ni alápatà tó wà ní òdìkejì títì máa ń ké sí i láàárọ̀. "Bí ẹ bá ṣubú sínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ni yóò mọ́!"

"Ẹrẹ̀ wo ló láyà?" lòun náà máa ń dáhùn, gbogbo títì á sì bú sẹ́rìn-ín.

Kò sẹ́ni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó mọ orúkọ ọmọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ó mọ èyí tó yege àti èyí tó fìdí rẹmi, ó mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ẹni tó bá sorí kọ́ wọlé tọ̀ ọ́ á gbé orí sókè jáde. Kì í ṣe ẹ̀tàn pátápátá. Inú rẹ̀ máa ń dùn lóòótọ́ sí ojú tó bá ń fi ìdùnnú wò ó. Ìgbà tí ojú náà bá yí padà ni ọ̀rọ̀ máa ń di ọ̀tọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ti wà lára àwọn ojú bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn ló ti rí i, níbi tó ti ń fi ọwọ́ òsì lọ aṣọ, torí ọlọ́wọ́-òsì ni. Ó dúró ti ojú fèrèsé, ó ní, "Mi ò rí irú ọwọ́ yìí rí láyé." Lójoojúmọ́ ló ń padà wá sọ ọ́, títí tí ọmọbìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ohun tí wọ́n yá òun. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọwọ́ kan náà di ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀. "Ọlọ́wọ́-òdì mi," ló ń pè é níwájú àwọn ènìyàn, "ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà kó má lọ jó ilé mọ́ wa lórí." Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Oníbàárà kan yọjú sí ẹ̀yìn lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sí ẹni tó ń lọ aṣọ tó yín." Ọ̀gá Nẹ́nẹ́ bá oníbàárà náà rẹ́rìn-ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó padà wọlé, kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Oúnjẹ ń dé, oúnjẹ ń lọ, odi ló ń bá jẹun. Nígbà tó yá, ó ní ìyàwó òun ni kò bá òun sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí, ó sì ti sú òun. Obìnrin náà gbìyànjú láti rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kò rántí ibi tí òun ti ṣẹ̀. Ó tọrọ àforíjì.

Àforíjì ti Ọ̀gá Nẹ́nẹ́ kò wọ́pọ̀. Bí wọ́n bá há a mọ́ igun, á ní, "Ó dáa, má bínú, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé oníbìínú lo jẹ́."

Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá ìyàwó rẹ̀, wọ́n fún ẹ̀gbọ́n olóògbé ní àga iwájú, wọ́n fún Ọ̀gá Nẹ́nẹ́ ní ti ẹ̀yìn. Ó fajú ro títí ilẹ̀ fi bo òkú. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, ó ní ìdílé wọn kò ka òun sí, ó ní lẹ́yìn gbogbo ohun tí òun ti ṣe, omi sì ń yọ lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé, lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá obìnrin náà, òun ló ń rẹ ọkọ lẹ́kún.

Ìyá náà, kó tó kú, àrùn ìgbàgbé ló ṣe é. Ó dé ibi tí kò mọ ọmọ tó bí mọ́. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Nẹ́nẹ́ ti rí ọ̀rọ̀ mú. Bó bá ní òun sọ nǹkan, tí ìyàwó ní kò sọ ọ́, kò ní jà mọ́. Á kàn wò ó pẹ̀lú àánú, á mi orí.

"Bí ìyá ẹ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ẹnu obìnrin náà á pa dé wẹ́lẹ́. Ó ti ń ṣẹlẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kó tó wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà ní kó dárúkọ àwọn oṣù láti ìparí ọdún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kó ya ojú aago. Ó ní kó máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún títí tí yóò fi tán, obìnrin náà sì sáré sọ ọ́ bí ẹni ń ka ṣẹ́ẹ̀tì. Dókítà dárúkọ nǹkan márùn-ún fún un, ó bá a sọ̀rọ̀ mìíràn, ó wá ní kó tún wọn sọ. Ó sọ gbogbo wọn.

"Ẹ tiẹ̀ pe 'ilẹ̀kùn' lẹ́ẹ̀mejì," ni Ìyá Alágbàfọ̀ fi kún un, "mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń kà á."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, orí yín pé ju tèmi lọ. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà, ṣé ẹ máa ń gbàgbé? Aṣọ ta ni, ọjọ́ wo ló ń bọ̀ wá gbà á?"

"Rárá."

"Lọ́dọ̀ àbúrò yín ńkọ́? Lọ́dọ̀ ọmọ yín?"

Ó ronú. "Rárá."

"Àrùn ìgbàgbé kì í yan ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò ti ṣe èèyàn. Bó bá dé, gbogbo ilé ló máa ń dé."

Dókítà wá bẹ̀rẹ̀ sí bi í léèrè nípa ọkọ, díẹ̀díẹ̀, obìnrin náà sì ń dáhùn, nítorí kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀ ìsìnkú dé ìparí, dókítà fi ọwọ́ lé àgbọ̀n.

"Mi ò rí ọkọ yín rí. Dókítà tó bá sọ àìsàn ẹni tí kò rí, aláfọ̀ṣẹ ni, wọn kò sì kọ́ wa níyẹn. Àmọ́ àìsàn ọkàn kan wà, ìjọra-ẹni-lójú tó ti wọ egungun. Ẹni tó bá ń ṣe, ìyìn ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ bá a wí díẹ̀, á dà bíi pé ẹ fẹ́ pa á. Ìrora ẹlòmíràn kò wọ̀ ọ́ lára. Kò sì lè jẹ̀bi. Bó bá ṣe nǹkan, á wá ẹni tí yóò gbé e rù."

Ìyá Alágbàfọ̀ gbé orí sókè. "Ẹ̀yin dókítà yìí, ẹ ti sọ ìgbéraga di àìsàn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kúkú ti àdúgbò wa pa, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ìwòsàn."

"Ìgbéraga yàtọ̀, Ìyá. Ẹ tẹ agbéraga lẹ́sẹ̀, á mọ̀ pé ẹsẹ̀ ló ń dun òun. Ẹni tí mò ń wí, á ní ẹ fẹ́ gba ẹ̀mí òun. Bí òun bá sì tẹ ẹsẹ̀ tiyín, ẹsẹ̀ yín ló wà lọ́nà."

Obìnrin náà dúpẹ́, ó gbé àpò rẹ̀. Kò gbà á gbọ́. Inú ọkọ̀ ló ti ń ro bí òun yóò ṣe sọ ìròyìn ayọ̀ náà nílé.

"Wọ́n ní orí mi pé," ló sọ, kó tó jókòó.

Ọ̀gá Nẹ́nẹ́ ń to hángà. Kò yíjú. "Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Dókítà. Obìnrin kan ni."

"Ọmọdé kan ni, àbí? Wọn kò mọ nǹkan kan." Lẹ́yìn náà ló wá yíjú. "Kí lo sọ fún wọn nípa mi?"

Obìnrin náà dúró de ìdùnnú lójú rẹ̀, bí ẹni dúró de ọkọ̀ tó ti kọjá. Nígbà tí kò dé, ó lọ sẹ́yìn, ó tan áyọ́ọ̀nù. Àmọ́ ó ti rí i pé kò dé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ aṣọ kóòtù Tíṣà Àgbà, oníbàárà wọn kan, ṣẹlẹ̀.

Ó fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì fẹ́ dá a gbére nílé ìwé. Ó mú kóòtù eléérú kan wá kí wọ́n bá a fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì bá a lọ̀ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń bọ̀ wá gbà á, Ìyá Alágbàfọ̀ ṣí ọ̀rá tí wọ́n fi bo kóòtù náà lórí hángà, ó sì rí ojú iná lẹ́yìn rẹ̀, tó pọ́n bí àgbàdo sísun, odindi àwòrán áyọ́ọ̀nù.

"O ti tún ṣe é," ni Ọ̀gá Nẹ́nẹ́ wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ló jáde lẹ́nu obìnrin náà, kó tiẹ̀ tó mọ ohun tó ń sọ.

"Mo ní kó o ṣọ́ra pẹ̀lú aṣọ èèyàn pàtàkì. Mo sọ ọ́, àbí mi ò sọ ọ́? O ò rántí ìyẹn náà." Ó mi orí, ó padà síwájú.

Obìnrin náà tẹ́ kóòtù sórí tábìlì láti wò ó bóyá ó ṣeé yọ. Òfin kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà tó dá yàtọ̀ sí ti àwọn alágbàfọ̀ yòókù. Ọ̀gá Nẹ́nẹ́ ló fi lélẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ kankan kò gbọdọ̀ wà lórí tábìlì láìjẹ́ pé ọrùn rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní aṣọ tó bá kẹ̀yìn sí oníbàárà dà bí onílé tó kẹ̀yìn sí àlejò. Tábìlì náà fara ti ògiri, apá òsì ẹni tó bá dúró tì í ni ẹnu ọ̀nà wà. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ọwọ́ ọ̀tún lọ aṣọ níbẹ̀, imú áyọ́ọ̀nù rẹ̀ á máa lọ sí ọ̀nà ọrùn. Ìyá Alágbàfọ̀ ọlọ́wọ́-òsì nìkan ni tirẹ̀ ń lọ sí ọ̀nà ìdí aṣọ. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò yí padà rí; ọwọ́ rẹ̀ kò tiẹ̀ mọ ọ̀nà mìíràn.

Ojú iná tó wà lẹ́yìn kóòtù, imú rẹ̀ kọjú sí ọrùn.

Ó gbé áyọ́ọ̀nù tútù lé e lórí. Ó bá a mu. Ó fi ọwọ́ òsì gbìyànjú láti dì í mú bó ṣe wà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ lọ́ pọ̀ bí ẹni fẹ́ yún ara rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà náà ló rántí pé òun kò tiẹ̀ sí ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán àná. Sítáàṣì lòun lọ rà. Kóòtù náà ti wà nínú ọ̀rá kí òun tó dé.

"Bàbá ọmọ mi," ló pè é, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo imú rẹ̀."

Ó wá. Ó wo kóòtù, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Imú áyọ́ọ̀nù! Ó ti di aṣèwádìí." Ẹ̀rín náà tán lójijì. "Kí lò ń gbìyànjú láti sọ? Ṣé èmi lò ń pè ní òpùrọ́? Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́jú ẹ, tí mi ò jẹ́ kí ayé mọ̀ pé orí ẹ ti ń lọ?"

"Mi ò pè yín ní òpùrọ́. Mo ní kí ẹ wò ó ni."

"Aláìmoore! Ẹni tí mo ní kó kín mi lẹ́yìn, ẹ̀gún ló kó sọ́wọ́!"

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Tíṣà Àgbà fi wọlé. Ojú Ọ̀gá Nẹ́nẹ́ yí padà bí ìgbà tí wọ́n fa kọ́tìnnì.

"Tíṣà wa àtàtà! Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ àwọn tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn! Ẹ jókòó, sà. Nǹkan kékeré kan ló ṣẹlẹ̀ sí kóòtù yín. Ìyàwó mi ni, ẹ ṣáà mọ̀ pé ara rẹ̀..." Ó fi ìka kan orí.

"Èmi kọ́," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí.

Kò pariwo. Àmọ́ kò sọ ọ́ rí láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Ọ̀gá Nẹ́nẹ́ wò ó bí ẹni tí tábìlì bá sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tó fi rí ọ̀nà mìíràn.

"Ó dáa. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, kí n má baà dójú ti ọmọ. Ọmọbìnrin wa ni. Èmi fúnra mi ni mo rí i nídìí áyọ́ọ̀nù lọ́sàn-án àná. Ìwọ, wá!"

Ọmọ náà jáde láti inú ilé, ó wọ aṣọ ilé ìwé, okùn bàtà ẹsẹ̀ kan ṣì tú sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo jó kóòtù Tíṣà?" ni bàbá rẹ̀ bi í. Ohùn rẹ̀ tutù, ó tiẹ̀ dùn.

Ọmọ náà wo kóòtù. Ó wo bàbá. Ìyá rẹ̀ rí bí ẹnu rẹ̀ ṣe là, tó sì pa dé wẹ́lẹ́.

"Bóyá èmi ni, Bàámi," ló wí. "Mi ò rántí."

Áyọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́wọ́ Ìyá Alágbàfọ̀. Ó gbé e kalẹ̀. Tíṣà tó ń wò ó kò rí nǹkan kan lójú rẹ̀, kò sì sí ohun tó fi yẹ kó rí i. Ohùn tó gbọ́ yẹn, ohùn tirẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni, lẹ́nu ọmọ tó bí. Títí di ìṣẹ́jú yẹn, ó lè gbà pé òun ni òun jó kóòtù. Ó ti gba èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yíjú sí ọmọ náà, kò wo ẹlòmíràn mọ́.

"Ibo lo wà lọ́sàn-án àná?"

"Ilé ìwé."

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Ìdánwò ìṣirò."

"Ta ló jókòó tì ẹ́?"

"Ọmọ alápatà. Ó ń wo ìwé mi, mo wá fi apá bò ó. Ó ní kí n ṣàánú òun, mo ní kó lọ bẹ ẹran bàbá ẹ̀."

Tíṣà Àgbà wúkọ́.

"Ìgbà tó o délé ńkọ́?"

"Mo jẹun. Kóòtù ti wà nínú ọ̀rá. Bàámi ṣì wà nídìí áyọ́ọ̀nù, ó ń fi sítáàṣì tó kù..." Ó dúró.

"Ṣé o fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù?"

Ọmọ náà mí. "Rárá," ló wí. Ó tún un sọ bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún. "Rárá. Mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ẹ gbọ́ nǹkan!" ni Ọ̀gá Nẹ́nẹ́ ké. "Ọmọ tí mo bí ń já mi nírọ́ níwájú oníbàárà! Ta ló kọ́ ẹ? Ìyá ẹ ti ń wọ ara ẹ nìyẹn. Bí ọ̀kan ṣe ń ya wèrè ni èkejì ń tẹ̀ lé e."

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Tíṣà wí, "kóòtù mi ni mo bá wá. Ọ̀la ni wọ́n ń dá mi gbére."

Nígbà tó yá, ó ní òun yóò yá ti àbúrò òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn àbúrò òun ti ṣáájú tòun. Ó bọ Ọ̀gá Nẹ́nẹ́ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ṣe sùúrù pẹ̀lú wọn," ló sọ fún un, "èèyàn rere ni yín." Ọ̀gá Nẹ́nẹ́ fi ọwọ́ lé àyà, ó dúpẹ́.

Lọ́jọ́ náà ni Ìyá Alágbàfọ̀ kó aṣọ òun àti ti ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé àbúrò rẹ̀, inú yàrá kan tó kọjú sí àgbàlá. Ọ̀gá Nẹ́nẹ́ wá bá wọn níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ wá pẹ̀lú ẹkún, ó ní kò sí ọwọ́ tó dà bí ọwọ́ rẹ̀ láyé. Obìnrin náà gbọ́ ọ, ó sì ṣòro fún un, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó bi í pé, "Ta ló jó kóòtù?" Ẹkún náà dá. Ìgbà kejì tó wá, ìbínú ló gbé wá. Lẹ́yìn náà kò wá mọ́. Ó ń ròyìn fún àdúgbò pé àrùn tó ṣe ìyá ìyàwó òun ti mú ìyàwó òun náà, ó sì ti gbé ọmọ òun sá lọ. Ọ̀pọ̀ ló gbà á gbọ́. Alápatà ní, "Ọ̀gá Nẹ́nẹ́, ẹ rọ́jú o," ó sì gé ẹran lé ti owó rẹ̀.

Dókítà ti ní, bí ọkọ bá fẹ́, kó wá, àwọn tó ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Kò wá. Ẹni tí kò jẹ̀bi rí, kí ni yóò lọ gba ìwòsàn fún?

Àbúrò ìyàwó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ṣépè. "Ẹ tiẹ̀ bú u lẹ́ẹ̀kan, kára tù yín." Kò ṣe é. Ó ń gba aṣọ díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ̀ wọ́n lábẹ́ ojú fèrèsé, ó ń tẹ́ wọn sí ọ̀nà tó bá wù ú. Nígbà mìíràn, á dúró láàárín iṣẹ́, á máa ro ohun tí òun sọ ní àná, á wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ó máa ń wà níbẹ̀. Bí iná kò bá tíì tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ìwà àyẹ̀wò yìí kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ọmọ rẹ̀ ló ń ṣọ́ jù. Bí wọ́n bá bi ọmọ náà ní nǹkan, ó ṣì máa ń wo ojú ẹni tó bi í kó tó dáhùn, bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìdáhùn sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, wọ́n rí ife dídán tó fọ́ sínú bàsíà. Ti àbúrò ni, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá náà gbé èérún rẹ̀ sókè.

"Ta ló fọ́ ife yìí?"

Ọmọ náà ń ya irun. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀yin ni, Màámi. Láàárọ̀. Ẹ gbé ìkòkò lé e, mo sì gbọ́ ọ."

Àbúrò dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìyá Alágbàfọ̀ wo èérún náà, ó wo ìkòkò.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Èmi ni. Ẹ má bínú."